"Mo ti dé Arámọkọ, mà": ẹni tó bá wa tún ìdérí púùlù ṣe ní Adó-Èkìtì

"Mo ti dé Arámọkọ, mà. Kò ní pẹ́ tí màá fi kan gééètì yín." Bí Ẹnjiníà tó ń bá wa tún ìdérí púùlù ṣe ṣe ń sọ ọ́ lórí fóònù ni mo gbọ́ ohùn kọ̀ńdọ́kítọ̀ lẹ́yìn rẹ̀: "Ọjọ́ta! Ọjọ́ta! Wọlé pẹ̀lú ṣénjì ẹ o!" Ẹ̀yin èèyàn mi, Ọjọ́ta wo ló wà ní Arámọkọ? Mo pa fóònù, mo jókòó létí púùlù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àgbéyẹ̀wò yìí. Ìlà mẹ́rin tí mo kọ́kọ́ kọ lọ́jọ́ náà kò ṣe é kà sétí ọmọdé. Mo ti pa wọ́n rẹ́.

Ilé àlejò ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń bójú tó, lójú ọ̀nà Ìyìn. Ọdún 2011 ni wọ́n gbẹ́ púùlù náà, tí ẹ̀gbọ́n mi sì gbé ìdérí rẹ̀ wọ kọ̀ńtéénà láti Amẹ́ríkà, irú èyí tí èèyàn ń yí kọ́kọ́rọ́ lára ògiri tí yóò máa fẹ ara rẹ̀ sórí omi. Lọ́dún tó kọjá ló bẹ̀rẹ̀ sí í rìn wọ́. Apá ọ̀tún á ṣáájú, apá òsì á máa fà tẹ̀lé e bí ọmọ tí wọ́n fipá mú lọ síléèwé. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, ó há sáàárín, òjò rọ̀ sí i, omi dúró lórí rẹ̀. Ewúrẹ́ aládùúgbò gorí rẹ̀ lọ mumi. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi rántí pé ọmọ ọdún méjì náà lè gba ibẹ̀ gòkè, àti pé omi orí ìdérí lè pa ọmọ bíi ti abẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi.

Ilé iṣẹ́ kan l'Ékòó ni mo kọ́kọ́ kàn sí. Mo fi fọ́tò mẹ́ta ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Kò pé wákàtí kan tí èsì fi dé: ká yọ gbogbo rẹ̀ dànù, mílíọ̀nù 18 náírà, ìdajì ṣáájú. Wọn ò tilẹ̀ béèrè bí púùlù ṣe gùn tó.

Ẹni tó ń bá wa tún pọ́ǹpù ṣe ló júwe Ẹnjiníà fún mi, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gbé Ọ̀yẹ́. Ó dé, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká wo ulé ẹ̀rọ náà ná, mà." Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀, tiwa ni. Ó gba ₦10,000 owó àyẹ̀wò, ó gbé pákó orí kòtò ẹ̀rọ kúrò, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ti orí bọ̀ ọ́. Ewé máńgòrò ti dí ojú ibi tí omi ń gbà jáde nínú kòtò, omi sì ti mu ẹ̀rọ dé ikùn. Kapásítọ̀, èyí tó ń ran mọ́tò lọ́wọ́ láti gbéra, ti wú bí àkàrà. Okùn tó ń fa ìdérí lápá òsì ti ṣá, fọ́nrán díẹ̀ ló ń fà á. Ó ní okùn méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Tí ọ̀kan bá ti nà, ìdérí á máa wọ́ nìyẹn.

Ó wá yí tapólì náà sókè, ó fọwọ́ pa inú rẹ̀. "Ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá ni wọ́n ń lò ó, mà. Tiyín ti ń jẹ èlé. Ẹ̀yin lẹ ń da kúlórìn, oògùn omi yẹn, tán tí ẹ ń dé e pa lójú ẹsẹ̀, àbí? Èéfín kúlórìn ló ń jẹ ẹ́. Ẹ máa ṣí i sílẹ̀ ná." Mo wo ọmọ tó ń bá wa fọ púùlù. Òun náà ń wo ojú ọ̀run.

Ọjọ́ mẹ́ta ló dá, ó tú okùn, ó gba ₦260,000 fún ọjà, ó lọ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án kọjá. Púùlù tó wà ní ṣíṣí ti di ọbẹ̀ ewédú, ìyàwó tuntun kan sì ti sanwó láti ya fọ́tò níbẹ̀ ní Sátidé. Ọjọ́ kẹsàn-án yẹn ni ti Arámọkọ.

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ọjọ́ kejì, mégáàdì kan fèrèsé mi. Ẹnjiníà ló dúró ní gééètì, ó gbé okùn kọ́ èjìká, ojú rẹ̀ pọ́n. Ọkọ̀ òru ló wọ̀ wá. "Ẹ má bínú, mà. Irọ́ ni mo pa." Okùn ọ̀rá ni oníṣòwò fẹ́ fi ránṣẹ́ sí i, ló bá lọ s'Ékòó fúnra rẹ̀ lọ wá èyí tí kì í nà. Ó mú gígé ti ọ̀rá yẹn dání, ó ní kí n fà á. Ó nà bí okùn ṣòkòtò. Mo fa tirẹ̀, kò mira. Mo ní kí n san owó ọkọ̀ rẹ̀, ó kọ̀. Èébú tí mo ti tò sílẹ̀ láti àná, mo gbé e mì. "Ṣé o ti jẹun?" ló jáde lẹ́nu mi.

Ẹ wá wo iṣẹ́. Ó na okùn méjèèjì sílẹ̀ láti iwájú ọ́fíìsì dé ilé ìdáná, ó kan ìṣó mọ́ ìdí wọn, ó gé wọn lójú àmì kan náà. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ ló fi ha eruku ọyẹ́ tó ti dì sínú ojú irin tí etí ìdérí ń gbà rìn. Ó ní ká bu omi kún púùlù, torí orí omi ni ìdérí ń sùn lé. Bí omi bá fà, á so rọ̀, á sì ya. Aago méjì, ó ní kí n wá yí kọ́kọ́rọ́. Ìdérí náà tú jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, igun méjèèjì sì kan ògiri lẹ́ẹ̀kan náà. Mo pàtẹ́wọ́ bí ọmọdé. Iyán la fi sìn ín sọ́nà, pẹ̀lú ₦75,000 owó iṣẹ́.

Ó di alẹ́ kí n tó mọ̀ pé ó ti so wáyà kọjú sẹ́yìn. Tí o bá yí i sí ṣíṣí, á pa. Tí o bá yí i sí pípa, á ṣí. Mo pè é. "Ẹ máa yí i sódì ná, mà, mò ń bọ̀ lọ́la." Ọ̀la yẹn ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo lẹ bébà mọ́ ògiri, òjò fọ̀ ọ́ lọ. Mo ti gba kọ́kọ́rọ́ sí ọrùn mi, torí irú nǹkan yìí kì í ṣe eré níbi tí ọmọ bá wà nínú omi. Sípánà 13 mi náà bá a lọ. Ó sì gé òdòdó àjàrà mi láìbéèrè.

Máàkì: 5 nínú 5.

Mo tún pè é láàárọ̀ yìí. Ó ní òun ti dé Ìgèdè. Láti Ọ̀yẹ́ o, tí gbogbo wa ń gba Ìfàkì wá.