Àgúnmu Íńdíà fún ojú tí kì í rí ọ̀ọ́kán: ohun tí mo rà ní Àkúrẹ́

Ìsọ̀ kan wà nítòsí Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ tí wọ́n ti ń ta oògùn ìbílẹ̀ Íńdíà tí à ń pè ní Ayurveda. Mo wọ ibẹ̀ nínú oṣù Kẹsàn-án nítorí ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 11, tí olùkọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi pé inú ìwé ẹni tí ó jókòó tì í ni ó ti ń da iṣẹ́ kọ, nítorí pé kò rí ojú pátákó. Dókítà ojú ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì ti kọ awò -1.50 fún ojú méjèèjì, ṣùgbọ́n kò wù mí kí ọmọ kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í lo awò.

Ìsọ̀ náà mọ́ tónítóní, wọ́n sì fi sùúrù dá mi lóhùn. Triphala ni wọ́n tà fún mi ní ₦8,500, ìyẹn èso mẹ́ta, amalaki, bibhitaki àti haritaki, tí wọ́n sá gbẹ, tí wọ́n sì lọ̀ kúnná. Wọ́n ní kí n máa po ṣíbí kékeré kan mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún un lálaalẹ́. Ó korò, ó kan, ó sì ń fún ẹnu pọ̀ bí èso kajú tí kò tíì pọ́n. Láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, inú ọmọ náà ń ṣí ṣáá, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tí a mọ haritaki mọ́ gan-an nìyẹn. Ìyá ọkọ mi, tí ìgbẹ́ kì í tètè yà, ni ó gba èyí tí ó ṣẹ́ kù, ó sì ń yìn ín títí di òní.

Èmi kò fojú kékeré wo ìmọ̀ àwọn ará Íńdíà. Ìwé àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Sushruta Samhita ka àrùn ojú 76, kí ayé tó mọ awò rárá. Nínú ìsọ̀ náà, mo rí bí wọ́n ṣe ń ṣe tarpana fún oníbàárà kan: wọ́n fi ìyẹ̀fun ẹ̀wà dúdú tí wọ́n pò mọ odi yí ojú rẹ̀ ká, wọ́n sì da bọ́tà màlúù tí wọ́n fi ewé sè, tí ó lọ́wọ́ọ́wọ́, sínú rẹ̀, ó wá ń ṣẹ́jú nínú rẹ̀. Mo kọ̀ ọ́ fún ọmọ mi, nítorí pé ohun tí a kò bá pa kòkòrò inú rẹ̀ pátápátá kò yẹ kí ó kan ẹyinjú, ìbáà jẹ́ bọ́tà, ìbáà jẹ́ tìróò tiwa níhìn-ín.

Ohun tí ó dùn mí ni ọ̀rọ̀ tí olùtajà sọ: “Mọ́mì, ẹ má jẹ́ kó lo awò o. Ojú rẹ̀ á gbára lé e ni. Láàárín oṣù mẹ́ta, á máa ríran kedere.” Mo gbà á gbọ́. Oṣù márùn-ún ni ọmọ náà fi lọ sí ilé ìwé láìní awò, gbogbo táámù àkọ́kọ́ sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nínú ìṣirò. Nígbà tí a padà sọ́dọ̀ dókítà, ojú rẹ̀ ti di -2.00, ìyẹn ni pé ó ti burú sí i. Àgúnmu kọ́ ni ó sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀; bí ọmọ bá ń dàgbà, àìrí ọ̀ọ́kán rẹ̀ sábà máa ń pọ̀ sí i. Ẹyinjú àgbàlagbà gùn tó nǹkan bíi mìlímítà 24. Bí ó bá gùn jù, ìmọ́lẹ̀ á pàdé níwájú awọ tí ó ń gbà á lẹ́yìn ojú dípò kí ó bọ́ sórí rẹ̀, ohun tí ó jìnnà á sì ṣú. Kò sí èso, kò sì sí bọ́tà tí ó lè dín gígùn yẹn kù. Fítámì A tí olùtajà ń tẹnu mọ́ wúlò fún ẹni tí kò ríran lálẹ́ nítorí àìtó rẹ̀, ìyẹn sì yàtọ̀ sí àìsàn tiwa.

A gba awò ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà. Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà Ọba Adésidà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka pátákó àwọn ṣọ́ọ̀bù tí ó wà lódì kejì sí mi létí, mo sì sunkún. Dókítà sọ fún wa nípa ẹ̀kán atropine tí kò le, tí ó lè mú kí àìrí ọ̀ọ́kán náà falẹ̀ nínú àwọn ọmọ mìíràn, ó sì ní kí àbúrò rẹ̀ tí ojú rẹ̀ ṣì dá máa ṣeré níta nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán fún wákàtí 2 lójúmọ́.

Ẹni tí inú rẹ̀ le lè ra triphala níbẹ̀, bí ó bá kọ́kọ́ wo ara ike náà bóyá nọ́ńbà NAFDAC wà níbẹ̀. Èmi kò rí i lára tèmi. Mo padà lọ bá wọn, mo sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yọ ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri pé kí àwọn ènìyàn bọ́ awò wọn. Wọ́n tẹ́tí sí mi, wọ́n sì dúpẹ́. Nígbà tí mo kọjá níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tí ó kọjá, ìwé náà ṣì wà lára ògiri.