Ilé ọ̀dọ́ kan ní Peckham: àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ni mo fún ní ìràwọ̀ mẹ́rin

Mi ò ní kọ orúkọ ilé ọ̀dọ́ (youth club) náà síbí, torí àwọn ọmọ tó ń lọ síbẹ̀. Òbí tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n kó kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀. Àjọ aláàánú kan ló ni ín, kì í ṣe káńsù, ọ̀fẹ́ sì ni. Tó bá jẹ́ pé ilé lásán la fẹ́ wò, ìràwọ̀ méjì ni mo máa fún un: gbọ̀ngàn kan, tábìlì snooker tí aṣọ rẹ̀ ti ya, ilé ìdáná, yàrá kótópó kan tí wọ́n ti ń ká orin sílẹ̀, àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í tì. Àwọn èèyàn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló mú mi kọ èyí.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni mí ní gúúsù London. Bí aago mẹ́ta àbọ̀ bá ti lù lọ́sàn-án, àwọn ọmọ iléèwé á ya wọlé, wọ́n á gba òkè lọ, torí káàdì Zip ni wọ́n ń tẹ̀, wọn kì í sanwó. Mo mọ àwọn tó ń lọ sílé nínú wọn. Mo sì mọ àwọn tó ń wọ bọ́ọ̀sì lọ, tí wọ́n ń wọ̀ ọ́ bọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, torí kò sẹ́ni nílé. Ìyàwó mi ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Èmi náà, wọ́n lè gbé iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ lé mi lọ́wọ́ nígbàkigbà. Ọmọ wa ọkùnrin ti pé mẹ́rìnlá. Kì í ṣe eré ni mo bá wá ibi tó máa wà.

Ẹnu ọ̀nà ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé ibẹ̀ yàtọ̀. Ìyá kan wà níbẹ̀, ọmọ Jàmáíkà, á tó ẹni ọgọ́ta ọdún, òun ló ń kọ orúkọ ọmọ tó bá wọlé. Kì í ṣe ọ̀gá o, wákàtí tó bá ṣe ni wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ìbéèrè àkọ́kọ́ tó máa ń bi ọmọ kọ̀ọ̀kan ni pé, kí lo jẹ lónìí? Bí ọmọ bá fẹ́ purọ́ fún un, á kàn wò ó lójú, á ní kó yà sí ilé ìdáná ná. Búrẹ́dì àti ẹ̀wà inú agolo ló sábà máa ń wà. Ní ti ìrẹsì wọn, ẹ jẹ́ n dákẹ́. Àwọn ìyá wa kan ti ń gbé jọ̀lọ́ọ̀fù lọ fún wọn báyìí. Ìyá yìí kan náà ló ní kí ọmọ mi ṣí fìlà ẹ̀wù rẹ̀ kúrò lójú kí òun lè rí i, ọmọ náà sì ṣí i wéré. Nílé, mo lè sọ ọ́ títí ohùn mi á fi há.

Ohun tí kò bá mi lára mu ni orúkọ pípè. Òyìnbó ni ọ̀gá ibẹ̀, ó ti lé lẹ́ni ogójì ọdún, ọmọ mi sì ń la orúkọ mọ́ ọn lórí bí ẹni ń pe ojúgbà rẹ̀. Mo bá ọkùnrin náà sọ ọ́. Kò bínú, kò sì bẹ̀ mí. Ó ní láti àárọ̀ títí di ọ̀sán làwọn ọmọ yìí ń pe Sir àti Miss níléèwé, síbẹ̀ wọn kì í sọ ohun tó ń dùn wọ́n fún Sir kankan. Mo gbọ́ ọ, mi ò gbà á tán. Títí di òní, bí ọmọ mi bá fẹ́ dárúkọ rẹ̀ níwájú mi, Uncle ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ọmọ Yorùbá kan wà láàárín wọn, obìnrin, ìlú yìí ni wọ́n bí i sí, Ìjẹ̀bú-Òde làwọn òbí rẹ̀ ti wá. Àwọn ọmọ tiwa ń pè é ní Auntie, àwọn tó kù ń pe orúkọ rẹ̀, ó sì ń dá gbogbo wọn lóhùn bákan náà. Tó bá rí mi, á tẹ orúnkún díẹ̀, á ní, “Ẹ káalẹ́, sà, ẹ kú iṣẹ́,” lẹ́yìn náà Yorùbá á tán, a ó bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì. Òun ni ọmọ mi máa ń bá jókòó sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń sọ, òbí wo ni kò ní fẹ́ mọ̀? Mo bi í.

“Ẹ má bínú, sà, mi ò lè sọ ọ́.”

“Èmi ni mo bí i o.”

“Mo mọ̀, sà. Ṣùgbọ́n èmi ló sọ ọ́ fún.”

Ó wá jókòó tì mí, ó là á yé mi. Ohun tí ọmọ bá bá wọn sọ kì í jáde, àfi tí ewu bá wà lórí ọmọ náà tàbí lórí ẹlòmíràn. Tó bá ti di ti ewu, ẹnì kan wà láàárín wọn tí ọ̀rọ̀ ààbò ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun ni wọ́n á gbé e lọ bá, wọ́n á sì gbìyànjú láti sọ fún ọmọ náà kí wọ́n tó ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ èyí tó lè sọ fún mi: pé ọmọ náà ń wá déédéé, ó ń jẹun, àti pé tí mo bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, kí n má fi máàkì ìdánwò bẹ̀rẹ̀. Mo gbìyànjú rẹ̀ nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ kan, bọ́ọ̀lù ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ láti Camberwell títí dé ẹnu ọ̀nà wa, ohùn tí mi ò gbọ́ fún ìgbà pípẹ́. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ òbí tiwa ò ní fara mọ́ irú àṣírí yìí. Tèmi ni pé, òṣìṣẹ́ tó bá lè tú ọ̀rọ̀ ọmọ mi fún mi, á tú ọ̀rọ̀ ilé mi fún ìyá ọmọ ẹlòmíràn.

Wọ́n pe àwa òbí sí ìpàdé kan lórí ọ̀rọ̀ nínà. Gbọ̀ngàn kún: Yorùbá, Gánà, Kóńgò, àwọn Jàmáíkà. Ẹ̀rù Social Services, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọmọ, ń ba gbogbo wa, kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ la ẹnu. Ọ̀gá wọn kò wàásù. Ó ṣàlàyé bí òfin ṣe rí: Scotland ti fòfin de nínà ọmọ pátápátá ní 2020, Wales ní 2022, ṣùgbọ́n ní England níbí òfin ọdún 2004 ṣì fi àyè kékeré sílẹ̀ fún òbí, àyè tó sì máa tì bí ìnà náà bá ti ṣe ọmọ léṣe. Ó ní tí àwọn bá rí àpá lára ọmọ, àwọn gbọ́dọ̀ fi tó ìjọba létí, àwọn ò sì fẹ́ kó dà bíi pé àwọn ń ṣe é lẹ́yìn wa. Bàbá kan dìde, ó bínú jáde. Ìyá kan béèrè pé, tí a ò bá ní nà wọ́n, kí la fẹ́ máa ṣe? Ìbéèrè yẹn ni wọ́n fi gbogbo ìyókù alẹ́ dáhùn, pẹ̀lú àpẹẹrẹ: gbígba fóònù, dídín owó ọwọ́ kù, ẹni tí òbí lè pè láago kí inú tó ru bo òun mọ́lẹ̀. Inú mi dùn pé ojú wa ni wọ́n ti sọ ọ́.

Àwọn méjì kan wà nínú wọn tí kì í jókòó sínú ilé rárá. Ìgboro ni iṣẹ́ tiwọn. Láti orí àga ìwakọ̀ mi ni mo ti ń rí wọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, nínú òjò, nínú òtútù, pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì tí orúkọ àjọ wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń ti ibùdó ọkọ̀ ojú irin rìn gba Rye Lane lọ. Wọn kì í lé ọmọ kiri. Wọ́n á dúró ti àwọn tó wà níwájú ilé adìẹ díndín, wọ́n á máa bá wọn ṣàwàdà. Wọn kì í ṣe ọlọ́pàá, àwọn ọmọ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ìjà fẹ́ bẹ́ ní ibùdókọ̀ kan, mo ti ti ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì, mo ti fọwọ́ sórí rédíò. Èyí tó ga nínú wọn rìn wọ àárín wọn láìyára, ó bi ọ̀kan pé, ìyá ẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ti dé láti ọsibítù? Ọmọ náà yíjú sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ìjà náà parí síbẹ̀. Ẹni tí kò mọ ọmọ yẹn tẹ́lẹ̀ kò lè béèrè bẹ́ẹ̀, owó kankan ò sì lè ra mímọ̀ yẹn láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ ní Peckham ò nílò kí n rán yín létí Damilọ́lá Taylor. Ọmọ ọdún mẹ́wàá, tí kò tíì pé oṣù mẹ́rin tó ti Nàìjíríà dé, tí àwọn ọmọ ọ̀dọ́ kan pa ní ọjọ́ 27 oṣù kọkànlá ọdún 2000, nígbà tó ń bọ̀ láti ilé ìkàwé Peckham níbi tó ti lọ kọ́ kọ̀ǹpútà. Àwọn òbí rẹ̀, Richard àti Gloria, dá àjọ sílẹ̀ ní orúkọ rẹ̀ nítorí àwọn ọmọ mìíràn. Síbẹ̀, láti 2010, owó tí àwọn káńsù ní England ń ná sórí ọ̀dọ́ ti dín kù ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ. Institute for Fiscal Studies, àjọ tó ń ṣèwádìí nípa ètò owó ìjọba, gbé ìwádìí kan jáde ní 2024: nǹkan bí ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ilé ọ̀dọ́ London ló tì láàárín 2010 sí 2019, ìwà ọ̀daràn láàárín àwọn ọmọ tí ilé ọ̀dọ́ tó sún mọ́ wọn tì sì fi 14% lé sí i. Ètò ọ̀dọ́ tí ìjọba fúnra rẹ̀ ń ṣe, National Citizen Service, náà ti kógbá sílé ní 2025.

Ibẹ̀ ni ìràwọ̀ karùn-ún ti bọ́. Owó ìrànwọ́ tí wọ́n ń tọrọ kiri ni wọ́n fi ń gba èèyàn síṣẹ́, bí owó náà bá ti tán, iṣẹ́ tán. Arákùnrin tó wà ní yàrá orin, tí ọmọ mi fẹ́ràn ju gbogbo wọn lọ, ọ̀sẹ̀ tó máa lọ gan-an ni wọ́n tó sọ fún àwọn ọmọ. Ẹlòmíràn dé, èèyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n ọmọ mi kọ̀, kò wọ yàrá yẹn fún ìgbà pípẹ́. Ọmọ tí àwọn àgbà ti ń lọ lọ́dọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kì í tètè gba ẹlòmíràn. Ó yẹ kí àjọ tó mọ ọ̀dọ́ tó bẹ́ẹ̀ mọ bí a ṣe ń dágbére.

Àwọn yòókù kéré. Wọn kì í gbé fóònù, ẹ fi WhatsApp ránṣẹ́ kẹ́ ẹ sì ní sùúrù. Fọ́ọ̀mù wọn gùn. Wọ́n máa ń tì fún apá kan nínú oṣù kẹjọ, ìgbà tí iléèwé wà ní ìsinmi tí ọwọ́ àwọn ọmọ sì dilẹ̀ jù. Mo ti sọ ọ́ fún wọn, wọ́n ní owó ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ mú ọmọ lọ síbikíbi, kì í ṣe tèmi yìí nìkan, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé. Ẹnikẹ́ni ló lè pe ara rẹ̀ ní youth worker nílẹ̀ England, òfin ò dáàbò bo orúkọ yẹn. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti ṣe DBS (àyẹ̀wò bóyá èèyàn ti dá ọ̀ràn rí) fún gbogbo wọn, títí kan àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn. Ẹ béèrè ẹni tí ààbò ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ rí i lójúkojú. Ẹ tẹ nọ́ńbà àjọ náà sórí ìkànnì Charity Commission, àwọn tó ń bójú tó àwọn àjọ aláàánú, ẹ máa rí owó tó wọlé àti èyí tó jáde. Nígbà tí mo béèrè àwọn nǹkan wọ̀nyí níbí, kò sẹ́ni tó fajú ro. Ìyá ẹnu ọ̀nà fúnra rẹ̀ ló lọ pe ọ̀gá wá.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá sí méjìdínlógún ni wọ́n ń gbà, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́rú ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ, torí ọjọ́ Ẹtì máa ń kún, Auntie ọmọ Ìjẹ̀bú náà sì máa ń wà níbẹ̀ ní Ọjọ́rú. Ẹ jẹ́ kí ọmọ wọlé fúnra rẹ̀, kẹ́ ẹ dúró síta díẹ̀.