Kúbùsù kan ṣoṣo, àbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà?

Ní Abuja níbí, ẹni tó ń gbé Kubwa tó sì ń ṣiṣẹ́ ní Garki mọ̀ pé àkókò ìránṣọ kì í ṣe ohun tí à ń rí he lójú títì. Kó tó délé, ilẹ̀ ti ṣú, iná sì lè má sí. Ìdí nìyí tí àwa tó ń fi àgékù ankara rán kúbùsù fi máa ń jiyàn bóyá ká rán ẹyọ kan tán ká tó bẹ̀rẹ̀ òmíràn, àbí ká máa rán mẹ́ta pọ̀.

Ẹni tó gbájú mọ́ ẹyọ kan, àgékù rẹ̀ kì í dàpọ̀, etí ìránpọ̀ rẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin ínṣì, kì í yí padà. Bí ẹnìkan ní Jos bá ń retí kúbùsù kí ọyẹ́ tó dé, ọ̀nà yìí ni kí ẹ gbà.

Ṣùgbọ́n iná NEPA kò bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn. Ibẹ̀ ni mẹ́ta ti wúlò, bí ìpele wọn bá yàtọ̀ síra. Èyí tó nílò ẹ̀rọ, ẹ fi í de iná. Èyí tí ojú aṣọ, òwú àárín àti aṣọ ẹ̀yìn rẹ̀ ti wà lórí ara wọn, abẹ́rẹ́ ọwọ́ àti iná sólà kékeré tó o. Ìkẹta, gígé ni. Àwọn ọmọ lè bá yín tò ó ní Sátidé. (Ẹ kọ́kọ́ fọ ankara náà o, òwú máa ń súnkì.) Eruku ọyẹ́ ni ọ̀tá wọn, nítorí náà, kí kálukú wà nínú àpò onísíìpù tirẹ̀.

Èmi fara mọ́ mẹ́ta. Mẹ́rin kẹ̀? Yàrá yín á di ìsọ̀ aláṣọ ní ọjà Wuse.