Ọdún méjì tí mo ti ń fi mọ́tò oníná ṣe táàsì ní London

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí bóyá kẹ́ ẹ ra mọ́tò oníná fún iṣẹ́ táàsì, ó dáa, ẹ wá gbọ́. Mi ò rà á torí afẹ́fẹ́ tó mọ́ o. Onídísẹ́ẹ̀lì tí mò ń wà tẹ́lẹ̀, ULEZ, ìyẹn owó tí wọ́n ń gbà lórí mọ́tò tí èéfín ẹ̀ bá pọ̀ jù ní London, ń gba £12.50 lójúmọ́ lórí ẹ̀, nígbà tí wọ́n sì fẹ̀ ẹ́ kárí gbogbo London ní August 2023, kò síbi tí mo lè sá gbà mọ́. TfL, àwọn tó ń bójú tó ọkọ̀ ìrìnnà ní London, náà ti ní láti January 2023, mọ́tò tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gba láísẹ́ńsì táàsì wa yìí, ìyẹn private hire tí wọ́n ń pè ṣáájú, kì í ṣe black cab, gbọ́dọ̀ lè fi iná rìn.

Ká sòótọ́, ó dùn ún wà. Kò dún, kò gbọ̀n, tẹ́ ẹ bá gbẹ́sẹ̀ sókè fúnra ẹ̀ ló máa dín eré kù, á tún da iná díẹ̀ padà sínú bátìrì, ìyẹn ni bíréèkì mi ò ṣe tètè jẹ. Kò sí wàhálà ọ́ìlì. Táyà ló ń jẹ, torí bátìrì yẹn wúwo gan-an. Mo gbé màmá kan ní Peckham, a dúró nídìí tráfíìkì, màmá tẹ́tí títí, ni wọ́n bá ní "Ọmọ mi, ṣé mọ́tò ẹ ti kú ni?"

Ọ̀rọ̀ ṣájì ni kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà. Ọ̀rẹ́ mi tó nílé tiẹ̀ ní Dagenham ń ṣájì lóru, kò tó pẹ́ńsì mẹ́wàá fún yúnìtì kan. Èmi tí mò ń gbé flat, àjà kẹta, mò ń san ju àádọ́rin lọ nídìí ṣájà títì. VAT gan-an, 5% ni tilé, 20% ni tìta! Àwa tá ò nílé là ń sanwó jù.

Lálẹ́ ọjọ́ kan nínú January, bátìrì ku 9%, áàpù ní ṣájà méjì ṣófo níbì kan, mo sáré débẹ̀, ojú ọ̀kan dúdú, kò ṣiṣẹ́, ìkejì, ẹnì kan gbé bọ́ọ̀sì kékeré dí i, kò ki wáyà bọ̀ ọ́, ó bá tiẹ̀ lọ. Lójú áàpù ó ṣófo lóòótọ́ ṣá! Òtútù sì tún ń jẹ bátìrì, èyí tó ń gbé mi rin 220 máìlì nígbà ooru ò ju 160 lọ nígbà yẹn. Mo pa hítà, mo wọ kóòtù méjì léra, mo jókòó de onímọ́tò títí agogo kan òru.

Àdúgbò kejì ti ní ṣájà lára òpó iná títì. Mo ti kọ̀wé sí kánsù wa lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní orúkọ títì wa ti wà nínú lísìtì.