Python fún wíwá fáìlì: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe dísáìnì àdìrẹ, ẹ gbọ́ o

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe dísáìnì àdìrẹ, pàápàá àwa ará Ìtòkú níbí l'Ábẹ́òkúta, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbé Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ kọ́ódù fún kọ̀ǹpútà, sórí láptọ́ọ̀pù yín. Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá ń kọ kọ́ódù jẹun, wíwá fáìlì nìkan ti tó. Ọ̀fẹ́ ni, python.org lẹ ti máa dáńlóòdù ẹ̀.

Ẹ sáà mọ bí iṣẹ́ wa ṣe rí, kọ́sítọ́mà á pè, á ní "Àǹtí, Ìbàdàndùn tẹ́ ẹ ṣe fún wa nígbà ìgbéyàwó bùọ̀dá mi, a tún fẹ́ ẹ o", fáìlì yẹn sì lè wà nínú fólídà 2019, ó lè wà nínú ti ẹlẹ́kọ, ó tiẹ̀ lè wà nínú èyí tá a kó láti orí fóònù tá ò tíì tò rárá. Pathlib, irinṣẹ́ inú Python fún fáìlì àti fólídà, ni mo fi ń wá a, ó ti wà nínú Python látorí ẹ̀dà 3.4 ní 2014, ẹ ò ní fi nǹkan kan kún un:

from pathlib import Path
for f in sorted(Path("D:/Adire").rglob("*ibadandun*")):
    print(f)

Ìràwọ̀ (*) yẹn ń sọ pé ohunkóhun lè wà níwájú tàbí lẹ́yìn orúkọ náà. rglob máa ń wọ fólídà inú fólídà títí dé ìsàlẹ̀ pátápátá, tẹ́ ẹ bá lo glob láìsí "**/" níwájú orúkọ náà,  fólídà òkè nìkan ló máa wò. Ẹ má yọ sorted o, torí láìsí i fáìlì kàn máa ń jáde wúruwùru ni. Lórí Linux, I ńlá àti i kékeré yàtọ̀ síra, àmọ́ láti Python 3.12 ẹ lè fi case_sensitive=False sí i.

Ibi tó ti dùn mí ni àmì ohùn. À tẹ́ ẹ tẹ̀ lè jẹ́ lẹ́tà ẹyọ kan nínú fáìlì kan, kó jẹ́ a àti àmì lọ́tọ̀ nínú òmíràn, lójú wa ọ̀kan náà ni, rglob á ní òun ò rí nǹkan kan. Ẹ́ àti ọ̀ tiẹ̀ tún wá le, nínú Unicode (ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà) kò sí lẹ́tà ẹyọ kan tó ní àmì òkè àti tìsàlẹ̀ pa pọ̀. Ohun tí mo wá ń ṣe ni pé mo ń bọ́ gbogbo àmì kúrò kí n tó fi wọ́n wéra:

from pathlib import Path
import unicodedata
def bo(s):
    s = unicodedata.normalize("NFD", s.lower())
    return "".join(c for c in s if not unicodedata.combining(c))

for f in sorted(Path("D:/Adire").rglob("*")):
    if "ibadandun" in bo(f.name):
        print(f)

Báyìí, bẹ́ ẹ fi àmì sí orúkọ fáìlì bẹ́ ẹ ò fi sí i, á jáde, inú mi dùn sí èyí ju gbogbo ẹ̀ lọ, torí kò yẹ ká máa pa àmì ohùn wa tì nítorí kọ̀ǹpútà.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un, ọ̀rọ̀ àmì yẹn ló jẹ ìkan tó kù. Tó bá jẹ́ fáìlì díẹ̀ lẹ ní, ẹ fojú wá a jàre. Ẹ̀yin tí tiyín ti pọ̀, ẹ kọ kọ́ódù yìí sílẹ̀, kẹ́ ẹ yí D:/Adire sí fólídà tiyín.