Òfin FIPPA ní British Columbia: ohun tí dọ́là 10 lè gbà fún yín lọ́wọ́ ìjọba

Ẹni tó ń gbé ní Vancouver, Surrey tàbí Victoria, ní British Columbia ní Kánádà, tó sì ń wá ìwé tó wà lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀, kò nílò lọ́yà. Òfin tí wọ́n ń pè ní FIPPA (Freedom of Information and Protection of Privacy Act), tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹwàá ọdún 1993, ti fún un lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè. Òfin kan náà ló ní kí ìjọba má ṣe tú àṣírí ẹlòmíràn síta. Ohun tí à ń yẹ̀ wò níbí ni bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ, láti ọjọ́ tí ẹ bá fi ìbéèrè ránṣẹ́ títí ìwé yóò fi dé ọwọ́ yín.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tí òfin náà mú. Ó mú àwọn iléeṣẹ́ mínísítà, ìjọba ìlú, ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, yunifásítì bíi UBC, àjọ ìlera bíi Fraser Health, ICBC tó ń ṣe ìnṣọ́ránsì mọ́tò, BC Hydro, àti ọlọ́pàá ìlú bíi ti Vancouver. Kò mú RCMP, ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀, kò sì mú àwọn tó ń rí sí ìwé ìgbélùú. Ibí yìí ni àwọn èèyàn wa ti máa ń ṣìnà: fáìlì físà tí wọn kò fún èèyàn, tàbí ti ìwé ìgbélùú tó ń falẹ̀, ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Ottawa ló wà, òfin ọ̀tọ̀ ló sì wà fún un. Lánlọ́ọ̀dù, iléeṣẹ́ aládàáni àti dókítà tó dá kílíníìkì tirẹ̀ sílẹ̀ náà ní òfin tiwọn, PIPA, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2004.

Bó bá jẹ́ fáìlì tara yín lẹ fẹ́, ẹ kò ní san kọ́bọ̀. Ẹ fi ẹ̀rí ìdánimọ̀ sí i. Bó bá jẹ́ ti ẹlòmíràn, ẹ fi ìwé ìyọ̀ǹda tó fọwọ́ sí kún un. Ìbéèrè lórí iṣẹ́ ìjọba gan-an ni wọ́n ti ń gba dọ́là 10 láti oṣù kọkànlá ọdún 2021, iye yìí sì ni fún iléeṣẹ́ mínísítà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá béèrè ohun kan náà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ mínísítà 5 yóò san dọ́là 50. A kò fara mọ́ owó yìí. Kò ni ẹnì kan lára púpọ̀, àmọ́ ó ń dí oníròyìn àti ẹgbẹ́ àdúgbò lọ́wọ́, àwọn tí iṣẹ́ wọn ni láti béèrè káàkiri. Kí ẹ tó san án, ẹ wo ojú ewé Open Information ti ìjọba: èsì tí wọ́n ti fún àwọn mìíràn wà níbẹ̀, kàlẹ́ńdà àwọn mínísítà àti owó tí wọ́n ná sórí ìrìnàjò náà sì wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Gbólóhùn tí ẹ bá kọ sínú fọ́ọ̀mù ló ń pinnu ohun tí yóò dé. Àkọsílẹ̀ ni òfin ní kí wọ́n fún yín, kò ní kí wọ́n wá ṣàlàyé ara wọn. "Kí ló dé tí ẹ fi gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ilé ìtọ́jú ọmọdé yẹn?" kò lè mú nǹkan kan wá. Ohun tó yẹ kí ẹ kọ lédè Gẹ̀ẹ́sì sí àjọ ìlera ni irú èyí: "Ìròyìn àyẹ̀wò, lẹ́tà àti ímeèlì lórí ìwé àṣẹ ilé ìtọ́jú ọmọdé tó ń jẹ́ báyìí, ní àdírẹ́sì báyìí, láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní sí ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2024, lọ́wọ́ ẹ̀ka tó ń fúnni níwèé àṣẹ. Ẹ yọ ẹ̀dà tó jọra kúrò." Irú àkọsílẹ̀, orúkọ ẹ̀ka, ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí ti wà níbẹ̀. Ẹni tó bá kọ "gbogbo ohun tó kan" ń pe ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú ewé, bílì ńlá àti ìdádúró sọ́rùn ara rẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ pé iye nǹkan lẹ ń wá, ẹ ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ ní Excel. Abala 6 òfin náà sọ pé kí wọ́n yọ ọ́ jáde látinú kọ̀ǹpútà, bí ẹ̀rọ àti ìmọ̀ tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́ bá lè ṣe é, tí kò sì ní dí iṣẹ́ wọn lọ́wọ́ jù. Abala yẹn kan náà ló ní kí wọ́n ran olùbéèrè lọ́wọ́, nítorí náà bí òṣìṣẹ́ bá pè yín pé ìbéèrè yín gbòòrò jù, ẹ bá a sọ ọ́ títí yóò fi yé ẹ̀yin méjèèjì.

Ọjọ́ iṣẹ́ 30 ni wọ́n ní; ìyẹn tó ọ̀sẹ̀ 6, nítorí wọn kì í ka òpin ọ̀sẹ̀ àti ọjọ́ ìsinmi mọ́ ọn. Ọjọ́ 7 péré ni irú òfin yìí tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2011 fún àwọn iléeṣẹ́ tiwọn. Wọ́n tún lè fi ọjọ́ iṣẹ́ 30 mìíràn kún un bí ìwé bá pọ̀ jù tàbí tó bá yẹ kí wọ́n bi ẹlòmíràn léèrè. Ohun tó bá ju ìyẹn lọ, àfi kí Kọmíṣọ́nà, ẹni tó ń rí sí i pé wọ́n ń pa òfin yìí mọ́, gbà. Bí ó bá di ọ̀rọ̀ owó, wákàtí 3 àkọ́kọ́ tí wọ́n bá fi wá ìwé kì í gba owó, lẹ́yìn ìyẹn dọ́là 7.50 ni fún ìṣẹ́jú 15 kọ̀ọ̀kan. Wọn kò gbọ́dọ̀ gbowó lórí àkókò tí wọ́n fi ń bo ọ̀rọ̀ inú ìwé mọ́lẹ̀. Ẹ yẹ bílì náà wò dáadáa kí ẹ tó san án, nítorí wọ́n máa ń dá kíka ọjọ́ iṣẹ́ 30 náà dúró nígbà tí wọ́n bá ti fi í ránṣẹ́. Ẹ tún lè kọ̀wé pé kí wọ́n fagi lé owó náà fún yín bí ẹ kò bá lágbára rẹ̀, tàbí bí ọ̀rọ̀ náà bá kan gbogbo ìlú.

Bí ìwé bá dé, ẹ óò rí àyè tí wọ́n ti pa rẹ́ pẹ̀lú nọ́ńbà abala òfin nínú rẹ̀. Nọ́ńbà yẹn lẹ óò kà. Abala 12, ti ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà, àti abala 22, ti àṣírí ẹlòmíràn, dandan ni fún wọn láti bò ó. Abala 13, ti ìmọ̀ràn tí òṣìṣẹ́ fún ọ̀gá, "lè" ni òfin wí níbẹ̀, kò wí pé "gbọ́dọ̀". Abala yìí ni wọ́n ń lò ní ìlòkulò jù lójú tiwa. Kò bo òtítọ́ tí ìmọ̀ràn dúró lé, kò bo àbájáde ìwádìí èrò ará ìlú, kò sì ṣiṣẹ́ mọ́ lórí ìwé tó bá ti lé ní ọdún 10. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n fi bo tábìlì iye nǹkan odindi, ẹ jà á.

Ọ́fíìsì Kọmíṣọ́nà, tí wọ́n ń pè ní OIPC, lẹ óò gbé e lọ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 30 tí èsì bá ti dé. Ọ̀fẹ́ ni. Bí wọn kò bá dá yín lóhùn rárá, òfin kà á sí pé wọ́n kọ̀. Òṣìṣẹ́ kan yóò kọ́kọ́ làjà. Bí kò bá ṣeé ṣe, adájọ́ OIPC yóò pàṣẹ, àṣẹ náà sì de ìjọba, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè ju ọdún kan lọ kó tó jáde. Iléeṣẹ́ ìjọba ló gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun lẹ́tọ̀ọ́ láti bo ìwé. Nínú abala 22 nìkan ni ó ti di ẹrù olùbéèrè láti fi hàn pé títú ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn síta kò burú.

Gbogbo èyí kò wúlò bí ìwé kò bá sí mọ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2015, Elizabeth Denham, Kọmíṣọ́nà ìgbà náà, gbé ìròyìn jáde pé òṣìṣẹ́ mínísítà kan pa ímeèlì rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta: ó jù ú sínú fódà ohun tí a pa rẹ́, ó tú fódà náà dànù, ó sì tún wọ ibi tí wọ́n ti lè gbà á padà láti nu ún kúrò. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ nígbà náà jẹ mọ́ Highway 16, ojú ọ̀nà tí àwọn obìnrin ọmọ onílẹ̀ ti ń sọnù. Láti ọdún 2019 ni òfin ti sọ ọ́ di dandan fún iléeṣẹ́ ìjọba láti máa ṣàkọsílẹ̀ ìpinnu wọn, ṣùgbọ́n inú òfin mìíràn ni wọ́n fi í sí, kì í ṣe abẹ́ Kọmíṣọ́nà. Àbùkù ńlá nìyẹn lójú tiwa. Lọ́dún 2021 ni wọ́n sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti mọ̀ọ́mọ̀ ba ìwé jẹ́ nítorí kí olùbéèrè má baà rí i.

Ní ti fáìlì ara ẹni, a lè fọwọ́ sọ̀yà lórí iṣẹ́ yìí. Bí ẹ bá rí àṣìṣe nínú tiyín, ẹ lo abala 29: ẹ kọ̀wé pé kí wọ́n tún un ṣe, kí ẹ so ẹ̀rí mọ́ ọn. Bí wọn kò bá tún un ṣe, dandan ni kí wọ́n kọ ohun tí ẹ béèrè sínú fáìlì náà.