Kóòtù Small Claims ti Ìpínlẹ̀ Èkó: ohun tí adájọ́ ń wò kó tó dá yín láre

Bí onígbèsè bá kọ̀ tí kò sanwó, tèṣọ̀n ọlọ́pàá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbà lọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, abala 32 nínú Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 ti sọ ọ́ gbangba pé wọn kò gbọdọ̀ mú ènìyàn torí àdéhùn tó yẹ̀ nìkan. Kóòtù Small Claims, ìyẹn kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó kékeré, tí Ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ lọ́dún 2018 lábẹ́ àwọn májísíréètì, ló yẹ fún irú ọ̀rọ̀ yìí. Fún gbèsè tó bá ní ìwé, ó dára gan-an. Fún gbèsè ẹnu lásán, ẹ rò ó wò dáadáa.

Owó tí kò ju ₦5,000,000 lọ, láìka èlé àti ìnáwó ẹjọ́, ni wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ owó tí iye rẹ̀ ṣeé ṣírò: owó tí ẹ yá ènìyàn, ọjà àwìn, owó ilé tí ayálégbé jẹ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tàbí owó ìbanilórúkọjẹ́ kò sí níbẹ̀. Lọ́yà kì í ṣe dandan.

Ẹ kọ́kọ́ fún onígbèsè ní ìwé ìbéèrè owó, ìyẹn Form SCA 1, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀rí pé ó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Bí kò bá san, ẹ gba fọ́ọ̀mù ẹ̀sùn ní kóòtù. Ọjọ́ 7 ni olùjẹ́jọ́ ní láti fèsì lẹ́yìn tí ìwé ìpè bá kàn án. Adájọ́ á kọ́kọ́ gbìyànjú láti parí ìjà. Bí kò bá ṣeé ṣe, ìgbẹ́jọ́ kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 30 lọ, ìdájọ́ á sì wáyé láàárín ọjọ́ 14. Ọjọ́ 60 ni gbogbo rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ olùpẹ̀jọ́ ti ń ṣubú ni ẹ̀rí. Àánú kọ́ ni májísíréètì ń wá. Ẹni tó sọ pé wọ́n jẹ òun lówó ni abala 131 Òfin Ẹ̀rí ti 2011 ní kó fi hàn bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹni tó bá sì wúwo jù lórí ìwọ̀n ni adájọ́ á tẹ̀ lé. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá àdéhùn wà, bóyá owó tàbí ọjà kúrò lọ́wọ́ yín, àti èló ló kù. Stétímẹ́ǹtì báǹkì máa ń dáhùn ìbéèrè kejì ju ẹlẹ́rìí mẹ́ta lọ.

Ọ̀rọ̀ orí WhatsApp lágbára, pàápàá níbi tí onígbèsè ti kọ ọ́ pé "ẹ ní sùúrù, màá san níparí oṣù." Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jáde lásán, kóòtù lè kọ̀ ọ́. Abala 84 Òfin Ẹ̀rí yẹn ń béèrè ìwé ẹ̀rí tí ẹ buwọ́ lù, tó sọ irú fóònù àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí ẹ lò, àti pé wọ́n ń ṣiṣẹ́ dáadáa lákòókò náà. Ẹ tẹ ìjíròrò náà jáde tán, pẹ̀lú déètì àti nọ́ńbà. Bí ẹ bá gé e, ẹ ti fún olùjẹ́jọ́ láyè láti sọ pé ẹ fi nǹkan pamọ́. Lẹ́tà ìdúnàádúrà láti parí ìjà tí wọ́n kọ "without prejudice" sí lórí, ìyẹn pé kí wọ́n má lò ó bí ẹ̀rí, ẹ má gbára lé e. Abala 196 òfin kan náà kò jẹ́ kó wọlé.

Ohun mìíràn tó ń ba ẹjọ́ jẹ́ ni iye owó tí kò bára mu. Bí Form SCA 1 bá ní ₦800,000, tí fọ́ọ̀mù ẹ̀sùn wá ní ₦850,000 láìsí àlàyé, adájọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì nípa ìyókù. Èlé tí ẹ kò jọ fẹnu kò lé lórí náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Àléébù kóòtù náà wà. Bí onígbèsè bá ti kó kúrò ní àdírẹ́sì tí ẹ mọ̀, ìwé ìpè á pẹ́ kó tó kàn án, ọjọ́ 60 yẹn á sì fà gùn. Èyí tó le jù wá ni gbígba owó lẹ́yìn ìdájọ́, torí kóòtù kò ní bá yín lọ gbà á bí ẹ kò bá béèrè. Ẹ lè ní kó pàṣẹ fún báǹkì onígbèsè láti san án látinú àkáǹtì rẹ̀, nítorí náà ẹ ti kọ orúkọ báǹkì àti nọ́ńbà àkáǹtì tó fi gba owó yín sílẹ̀ kí ẹ tó pẹjọ́.